Bí mo ṣe lọ wo Dougga, ìlú àtijọ́ orí òkè ní Tùnísíà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bí èèyàn ṣe ń dé Dougga láti Tunis láìháyà mọ́tò, bí mo ṣe ṣe é rè é o. Gáréèjì louage ni mo lọ, bọ́ọ̀sì kékeré funfun onílà pupa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, èèyàn mẹ́jọ ló ń kó, kò sì ní gbéra àfi tó bá kún, ẹ ṣáà mọ "ó ku ẹnì kan" táwọn dírébà tiwa máa ń pariwo fún wákàtí kan gbáko, òun náà ni. Téboursouk lẹ máa sọ fún wọn pé ẹ ń lọ, ó tó nǹkan bí 110 kìlómítà. Látibẹ̀ mo wọ takisí gòkè. Ẹ dúnàá-dúrà kẹ́ ẹ tó jókòó, kẹ́ ẹ sì bá dírébà ṣàdéhùn ìgbà tó máa padà wá gbé yín.

Téátà lèèyàn ń kọ́kọ́ rí tó bá wọlé. Nǹkan bí ọdún 168 lẹ́yìn ìbí Jésù, nígbà tí Róòmù ń ṣàkóso ibẹ̀, ni wọ́n kọ́ ọ, 3,500 èèyàn ló gbà, ọkùnrin olówó kan tó ń jẹ́ Marcius Quadratus ló fi owó ara ẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ ẹ̀ sára òkúta, àbí olówó wo ló máa náwó tó bẹ́ẹ̀ tí ò ní fẹ́ ká mọ òun? Mo gun ìjókòó òkè pátápátá, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, mò ń gbọ́ ọ kedere.

Tẹ́ńpìlì Júpítà, òrìṣà àwọn ará Róòmù, ò jìnnà síbẹ̀, òun ló máa ń wà nínú gbogbo fọ́tò Dougga, ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ẹ wolẹ̀ ní gbàgede tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n fín òbìrí ńlá kan sórí òkúta ilẹ̀ níbẹ̀, orúkọ atẹ́gùn méjìlá ló wà lára ẹ̀. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ṣáláńgá wọn: ihò méjìlá lórí bẹ́ǹṣì òkúta tó tẹ̀ kọrọdọ, kò sógiri kankan láàárín, ojú ń kojú! Mo jókòó síbẹ̀ díẹ̀, òkúta ẹ̀ dán bọ̀rọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á wo ìyẹn tán, wọ́n á máa lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdánù. Ẹ sọ̀kalẹ̀ gba àárín igi ólífì, ẹ máa rí ibojì kan tó ga tó mítà 21. Iṣẹ́ Róòmù kọ́ o, àwọn ará Numidia, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì ṣáájú ìbí Jésù, kí Késárì ará Róòmù tó gba ilẹ̀ wọn ní ọdún 46 ṣáájú ìbí Jésù. Òkúta kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n kọ èdè méjì sí, Púníkì, ìyẹn èdè àwọn ará Carthage, àti èdè Líbíà àtijọ́ táwọn ará Numidia ń sọ, òun làwọn ọ̀mọ̀wé fi mọ bí wọ́n ṣe ń ka lẹ́tà Líbíà yẹn. Ní 1842, Thomas Reade tó jẹ́ kọ́ńsù Bírítéènì ní Tunis ní kí wọ́n yọ òkúta náà, wọ́n sì ba ibojì ọ̀hún jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ ọ́. Àwọn Faransé ló tún un kọ́ láàárín 1908 sí 1910. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo ti rí òkúta yẹn ní British Museum, ilé kan náà tí orí Ifẹ̀ wà, torí náà nígbà tí mo dúró síwájú ibojì yẹn inú bí mi gan-an, ẹ má tàn mí jẹ pé ìtọ́jú ni wọ́n bá wọn tọ́jú ẹ̀.

Àwòrán Ulysses, akọni inú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì, tí wọ́n dè mọ́ òpó ọkọ̀ ojú omi, Dougga ni wọ́n ti rí i, ṣùgbọ́n Bardo, ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní Tunis, lẹ ti máa wò ó báyìí. Ẹ gbé omi dání o, ẹ dé fìlà, ẹ má wọ sílípáàsì, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀. Kẹ́ ẹ sì tètè padà sí Téboursouk, tírọ̀lẹ́ bá ti lẹ́ louage á ṣọ̀wọ́n.