Ọmọ yín fẹ́ wọ búréèsì? Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ti ń yọ yín lẹ́nu pé òun fẹ́ wọ búréèsì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín kó lè tò, ẹ fara balẹ̀ ná. Kì í ṣe gbogbo eyín tó wọ́ ló nílò ẹ. Èyí tó bo gbogbo ẹnu sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eyín àgbà bá ti yọ tán, yàtọ̀ sí eyín ọgbọ́n, ìyẹn bí ọmọ ọdún 12 sí 13, àwọn kan á yá jù bẹ́ẹ̀, àwọn mí-ìn á pẹ́. Àmọ́ àyẹ̀wò ò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà yẹn o. Ẹgbẹ́ àwọn orthodontist, àwọn dókítà tó ń to eyín, ní Amẹ́ríkà, ní kí ọmọ ti ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tó bá fi máa pé ọdún 7, torí àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá tètè rí i iṣẹ́ á kéré lọ́jọ́ iwájú, bí ọmọ tó ṣì ń mu ìka, tàbí eyín ọmọdé tó kọ̀ tí ò já nígbà tí eyín àgbà ti ń yọ lẹ́yìn ẹ̀.

Ibo lẹ máa lọ? Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, UCH n'Ìbàdàn, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, gbogbo wọn ló ní ẹ̀ka tó ń to eyín, owó wọn sì sábà máa ń rọjú ju ti àdáni lọ, àmọ́ ẹ máa jókòó dúró dáadáa kó tó kàn yín. Tó bá jẹ́ àdáni lẹ fẹ́, ẹ rí i pé dókítà yẹn ní ìwé àṣẹ MDCN, ìyẹn àjọ tó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá iṣẹ́ títo eyín gan-an ló kọ́. Ẹni tó ń ṣe irun àti èékánná, tó wá ní òun ń lẹ búréèsì oge mọ́ eyín lórí Instagram, ẹ sá fún un. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bèèrè ohun tí owó yẹn kó pọ̀: ṣé ẹ́síréè wà níbẹ̀, tí ọ̀kan nínú irin kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ eyín láti gbá wáyà mú bá já ṣé ẹ máa san òmíì, retainer, ìyẹn ohun tí wọ́n máa wọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ kí eyín má bàa padà, òun ńkọ́, ṣé ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀? Ibi retainer yìí ló ti ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn lójijì.

Ẹ tún sọ ọ̀rọ̀ èjí fún dókítà níbẹ̀rẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá, ẹwà ni èjí, tọ́mọ bá ní in tí kò sì fẹ́ kó lọ, ẹnu yín ni dókítà á ti gbọ́, torí ohun tó kọ́ ni pé kó dí àlàfo. Tó bá sì jẹ́ pé ọmọ fẹ́ dí i, ẹ kìlọ̀ fún un gidi gan-an nípa fídíò tí wọ́n ti ń fi rọ́bà kékeré de eyín iwájú méjì pọ̀ nílé. Rọ́bà yẹn lè yọ̀ lọ sókè, kó wọnú ẹran ìdí eyín láìsí ẹni tó máa rí i, á wá jẹ egungun tó gbé eyín dúró títí eyín tó dáa á fi já bọ́. Àwọn ọmọ tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí wà.

Tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀ ń wo nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sí méjì, nígbà mí-ìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má bínú sí dókítà, kò sí bó ṣe lè sáré ẹ. Wáyà ń ti eyín díẹ̀díẹ̀, egungun tó wà níwájú eyín ń yọ́, òmíì ń hù dí ibi tó ti kúrò, ara ò sì kí ń kánjú nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 ni wọ́n máa ń fi sáàárín ìpàdé kan sí èkejì, tí ẹ bá pa á jẹ, iṣẹ́ kàn dúró síbẹ̀ ni. Nígbà mí-ìn dókítà lè ní kí wọ́n yọ eyín kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí àyè lè wà, ẹ má pariwo, ẹ ní kó fi ẹ́síréè yẹn hàn yín kó ṣàlàyé.

Ọjọ́ 3 sí 5 àkọ́kọ́ á dùn ún. Ògì, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, àmàlà pẹ̀lú ewédú, parasitámọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ fọ ẹnu, ó parí.

Ká wá sọ̀rọ̀ oúnjẹ, torí ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ búréèsì ti ń bàjẹ́, mi ò parọ́. Eegun làkọ́kọ́. Ọmọ Yorùbá kó máa jẹ ẹran kó má fọ́ eegun, ó le o, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Gúgúrú, ẹ̀pà, kúlíkúlí, kókóró, ìrèké, yìnyín, tọ́fì, ṣìngọ́ọ̀mù, kó gbàgbé gbogbo ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Gúgúrú gan-an burú lọ́tọ̀ torí èèpo ẹ̀ máa ń há sáàárín irin àti ẹran ìdí eyín. Àgbàdo, kí wọ́n sè é rọ̀, kí wọ́n yọ ẹyọ ẹ̀ sínú abọ́ kó fi ṣíbí jẹ ẹ́, kò gbọ́dọ̀ fi eyín iwájú ya á. Ẹran àti pọ̀nmọ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́ kó fi eyín ẹ̀yìn jẹ ẹ́. Gàrí, kó jẹ́ kó rin dáadáa kó tó mu ún, láìsí ẹ̀pà, mo mọ̀ pé ẹ̀pà yẹn ló ń gbé e dùn. Mínírà ńkọ́? Ṣúgà inú ẹ̀ àti kíkan ẹ̀ máa ń jẹ ara eyín láyìíká irin, ẹ ò ní mọ̀ títí wọ́n á fi tú gbogbo ẹ̀, ẹ̀yin á wá rí àmì funfun láyìíká ibi tí irin kọ̀ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀, eyín tò lóòótọ́, ó wá lábàwọ́n. Omi ni kó máa mu.

Ohun kan tí wọn kì í sọ fún wa: rọ́bà róbótó tó ń di wáyà mú sára irin ní oríṣiríṣi àwọ̀, àwọn ọmọ á sì ní àwọn fẹ́ funfun tàbí èyí tí ò láwọ̀ kó má hàn. Pẹ̀lú epo pupa àti kọ́rì ilé wa? Kò ní pẹ́ tó fi máa pọ́n bí eyín ẹni tí kì í fọ ẹnu. Búlúù, dúdú, àwọ̀ tó dúdú díẹ̀, kó mú nínú ìyẹn.

Fífọ eyín wá di iṣẹ́ gidi. Kó lo búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, kó dúró níwájú díńgí. Kó kọ́kọ́ dá búrọ́ọ̀ṣì ní ìdàgẹ̀rẹ̀ síbi tí eyín ti pàdé ẹran, kó wá dorí ẹ̀ kọ sísàlẹ̀ láti òkè irin, lẹ́yìn náà kó dorí ẹ̀ kọ sókè láti ìsàlẹ̀ irin, eyín kan sí èkejì. Búrọ́ọ̀ṣì tínńtín kan wà tí wọ́n ń tà, òun ni wọ́n ń ki bọ abẹ́ wáyà. Tó bá ṣe é tán, irin á máa dán, ẹ á rí etí ẹ̀ kedere, tó bá ṣì dà bíi pé nǹkan bò ó, kó padà síbẹ̀. Ẹran ìdí eyín tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí ló sábà ń fà á, ẹ má ní kó dáwọ́ dúró. Pákò tí bàbá àgbà ń rún láàárọ̀, kó fi sílẹ̀ ná, rírún ẹ̀ lè ṣí irin kúrò.

Tí orí wáyà bá ń gún ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ fi ẹ̀yìn pẹ́ńsù tó ní ìréèsà, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ o, rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí kò bá lọ, wáàsì (wax), ìyẹn ìda rírọ̀ tí dókítà fún un, kó fi tíṣù nu irin gbẹ, kó bu èyí tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan, kó lọ́ ọ kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Tí irin bá ṣí, ẹ má fi gúlúù kankan kàn án, ẹ pe dókítà.

Ẹni tọ́mọ ẹ̀ wà ní bọ́dìn, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé kẹ́ ẹ sì bá mátírọ́ọ̀nù sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè fún un láyè láti fọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ mú ọjọ́ ìpàdé dókítà bá mídítáàmù tàbí ọjọ́ ìsinmi mu, kẹ́ ẹ yọ kúlíkúlí àti ṣíńṣíìn kúrò nínú pùrófíṣàn. Tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kó ní ohun ìbo eyín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ NHS tí ọmọ ò bá tíì pé 18 tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó nílò ẹ. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní IOTN, láti 1 dé 5, ẹni tó bá bọ́ sí 4 tàbí 5 ni wọ́n ń gbà, 3 máa ń wọlé tí ìrísí eyín bá burú tó. Dókítà eyín yín ló máa kọ̀wé síbẹ̀, wọ́n sì lè tò yín sí orí ìlà fún ìgbà pípẹ́, torí náà ẹ má jẹ́ kọ́mọ dé 17 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Ọjọ́ tí wọ́n bá tú wáyà ni gbogbo ilé á máa yọ̀, tí wọ́n á sì máa rò pé ó tán. Kò tán. Eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò fẹ́ padà síbi tó ti wá, retainer ló ń dá a dúró. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, dókítà lè ní kó wà lẹ́nu tọ̀sán tòru, lẹ́yìn ìyẹn, alaalẹ́ ni, kó ṣáà máa wọ̀ ọ́ lọ fún ọdún púpọ̀. Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, omi gbígbóná á yí i padà. Tó bá fẹ́ jẹun, inú àpótí ẹ̀ ni kó wà, kì í ṣe inú tíṣù, torí èèyàn á ti kó tíṣù yẹn dà nù kó tó jẹun tán. Tó bá sọnù tàbí tó fọ́, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ìparí oṣù, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti tó kí èyí tí wọ́n máa ṣe má wọ ẹnu ẹ̀ dáadáa mọ́.