Èló ni máṣíìnì ìránṣọ àtijọ́ yìí tó? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ tà á

Ìbéèrè: Ìyá wa àgbà fi máṣíìnì Singer dúdú kan sílẹ̀ fún wa, òdòdó aláwọ̀ wúrà wà lára rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń sọ pé owó gọbọi ni, torí ó ti lé ní 100 ọdún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má tíì máa pín owó náà. Ọjọ́ orí nìkan kì í sọ máṣíìnì di ọ̀wọ́n. Láti 1851 ni Singer ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Nígbà tó fi máa di 1913, ilé iṣẹ́ wọn tó wà ní Clydebank ní Scotland nìkan kó máṣíìnì tó lé ní mílíọ̀nù kan jáde láàárín ọdún kan. Irin gidi ni wọ́n, wọn kì í tètè kú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kún yàrá ẹrù káàkiri ayé títí dòní. Ohun tó bá pọ̀ lọ́jà kì í wọ́n, ì báà gbó ju gbogbo wa lọ.

Irú èyí tó jẹ́, bí ohun èlò rẹ̀ ṣe pé tó, bóyá ó ń rán aṣọ, àti bóyá ẹni tó nílò rẹ̀ wà: ibẹ̀ ni owó wà. Ẹ wo Singer 221 tí wọ́n ń pè ní Featherweight. 1933 ló jáde, àbúrò pátápátá ló jẹ́ sí ti ìyá yín àgbà. Àmọ́ àlùmíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, bíi kílò 5 péré ló wúwo, àwọn tó ń gán ègé aṣọ pọ̀ ṣe aṣọ ìbora sì ń dù ú torí pé ọwọ́ kan ló ń gbé e. Èyí tó bá jẹ́ 222, tí apá rẹ̀ ṣófo lábẹ́ kí ẹnu ọwọ́ aṣọ lè wọ̀ ọ́, tún wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti Singer 15, 66, 99 àti 128, iṣẹ́ wọn dára gan-an, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà, àmọ́ wọ́n pọ̀ bí eṣú. Bí tiyín bá wà lára wọn, ẹ fi ọkàn sí owó tó mọ níwọ̀n.

Èyí tó yàtọ̀ ni máṣíìnì tí wọ́n ṣe láàárín 1850 sí 1870, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Bí ẹ bá fura pé irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ má nù ún, ẹ má tú u, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ ohun àtijọ́ kí ẹ tó dá iye kankan lé e.

Ìbéèrè: Nọ́ńbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí lára rẹ̀. Èwo ni mo máa fi mọ ọdún tí wọ́n ṣe é?

Ìdáhùn: Èyí tó wà lórí pèpéle máṣíìnì lápá ọ̀tún, nítòsí ibi tí ọ̀pó rẹ̀ ti dìde, ni ẹ máa lò. Ti Featherweight wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà kò bá hàn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun ra ojú ibẹ̀, kí ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣọ́ọ̀kì á kù sínú kòtò nọ́ńbà, ẹ ó sì kà á yanjú.

Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà lásán láìsí lẹ́tà, ó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú 1900. Láti ìgbà yẹn ni lẹ́tà kan ti ń ṣáájú nọ́ńbà, kó tó wá di lẹ́tà méjì fún ọ̀pọ̀ wọn. Y àti F jẹ́ ti Clydebank, G jẹ́ ti ilé iṣẹ́ wọn tó wà ní Elizabeth ní New Jersey, Amẹ́ríkà. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ka Y sí V. Àkọsílẹ̀ nọ́ńbà Singer wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tẹ́ ẹ bá ti fi nọ́ńbà yín wé e, ẹ ó rí ọdún àti irú rẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà yòókù ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Èyí tí SIMANCO wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà ẹ̀yà ara máṣíìnì náà lásán, torí pé ìkékúrú orúkọ ilé iṣẹ́ Singer ni SIMANCO. Àwọn déètì tí wọ́n tẹ̀ sí ara irin pẹlẹbẹ tó bo bọ́bìn (rólù kékeré tí wọ́n ń wé òwú abẹ́ mọ́) jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọpọlọ wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún yín ni pé máṣíìnì náà kò lè dàgbà ju déètì tó kẹ́yìn lọ.

Tí kì í bá ṣe Singer rárá, ẹ má jẹ́ kí orúkọ iwájú rẹ̀ tàn yín. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ará Japan ṣe ẹ̀dà Singer 15 lọ́pọ̀ yanturu, orúkọ oríṣiríṣi ni àwọn oníṣòwò sì ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Tèmi ní àmì tí wọ́n kọ 1851–1951 sí. Ẹnìkan ní ìyẹn ló sọ ọ́ di ohun iyebíye.

Ìdáhùn: Rárá. Ọdún 100 ni Singer ń ṣe, wọ́n sì lẹ àmì náà mọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye máṣíìnì.

Ìbéèrè: Wíìlì rẹ̀ kò yí mọ́. Ṣé kí n tún un ṣe kí n tó tà á, àbí kí n tà á bó ṣe wà?

Ìdáhùn: Ẹ gbìyànjú díẹ̀, torí èyí tó ń rán aṣọ àti èyí tó ti gan kì í gba owó kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, máṣíìnì tó gan kò bàjẹ́. Epo tí wọ́n fi sí i lọ́jọ́ kìíní ló ti gbẹ, tó wá dì mọ́ irin bí oje igi.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ inú ibi tí bọ́bìn ń jókòó sí wò. Òwú tó ti wé mọ́ abẹ́ ibẹ̀ nìkan tó láti ti wíìlì pa, ẹ fi píńsì tín-ín-rín fà á jáde ní díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kán epo máṣíìnì sí gbogbo ihò epo àti gbogbo ibi tí irin ti ń fara gbún irin, lókè, lábẹ́ àti lẹ́yìn ìbòjú apá òsì. Bó bá le gan-an, kẹrosíìnì díẹ̀ ni kó ṣáájú kí ẹ tó fi epo tẹ̀ lé e, ẹ kàn má jẹ́ kó kan ọ̀dà ara máṣíìnì. Ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun orí mú ọ̀pó rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kí ẹ máa mi wíìlì síwá-sẹ́yìn. Bó bá rìn ní ìwọ̀n ìka kan, ó ti gbà nìyẹn, ẹ tún kán epo sí i. Ẹni tó bá fi sípánà fipá yí i máa fọ́ ohun tí kò tíì fọ́.

Nígbà tó bá yí tán, ẹ fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i, kí ẹ rán ìlà kan lórí aṣọ òwú alápá méjì. Ẹ fi aṣọ náà sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò ojú àti ẹ̀yìn ìránṣọ náà. Fọ́tò yẹn ń tà ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Àmọ́ bó bá kọjá epo, òwú àti abẹ́rẹ́, tí máṣíìnì náà sì jẹ́ irú tó wọ́pọ̀, ẹ má náwó sí i mọ́. Ẹni tó ń rà á fún àtúnṣe máa tún un ṣe.

Bó bá ní mọ́tò, ẹ fi ọwọ́ tẹ wáyà rẹ̀ wò kí ẹ tó fi sí iná. Bí rọ́bà ara wáyà bá ń fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ má fi sí iná rárá, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kó máa dán. Kí ni mo lè fi fọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ọtí, kì í ṣe sípíríìtì, kì í ṣe ọṣẹ líle! Ọ̀dà sẹ́láàkì ló bo òdòdó aláwọ̀ wúrà yẹn, ọtí sì máa ń yọ́ ọ. Bẹ́ ẹ bá rí i pé wúrà ń di fàdákà lójú yín, ẹ dáwọ́ dúró, ìbòrí rẹ̀ ló ń lọ yẹn. Òwú rírọ̀ àti epo máṣíìnì ti tó, ibi tó fara pamọ́ ni kí ẹ sì ti kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà tuntun o. Èmi ò tíì rí olùkójọ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Oṣù ń gorí oṣù, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Iye tí ẹ pè é ni mo fura sí. Ọ̀pọ̀ ń wo iye tí àwọn mìíràn ń pè, wọ́n wá fi ìyẹn dá iye tiwọn. Ẹnikẹ́ni ló lè pe iye tó bá wù ú. Iye tí ọjà tà gan-an ni kí ẹ wò. Lórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ibì kan wà tí ẹ lè tẹ̀ kó fi ọjà tó ti tà nìkan hàn yín. Ẹ wá irú máṣíìnì yín gan-an, tó wà nípò kan náà, kí ẹ sì yọ owó ìfiránṣẹ́ kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ohun tó sọnù wò. Ilé bọ́bìn Featherweight kò bá ọ̀pọ̀ máṣíìnì mìíràn mu, ó sì wọ́n. Bí kò bá sí nínú rẹ̀, owó máṣíìnì yín máa já wálẹ̀ ní kíákíá. Singer 27, 28, 127 àti 128 náà nílò ṣọ́tù (irin tó ń gbé bọ́bìn, shuttle) tó gùn tín-ín-rín pẹ̀lú bọ́bìn gígùn tó ń wọ inú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò wọn lọ́tọ̀.

Tó bá ní ẹsẹ̀ irin, ẹlòmíràn á ní ẹsẹ̀ náà nìkan ni òun fẹ́, kí òun fi ṣe tábìlì. Owó rẹ̀ lè dùn mọ́ni lóòótọ́. Àmọ́ bí máṣíìnì bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, èmi ò ní yà wọ́n.

Ìbéèrè: Ẹnìkan pè mí pé òun máa san owó kàbìtì bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù bá já nígbà tí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì náà.

Ìdáhùn: Ẹ pa fóònù náà. Ìtàn "mákúrì pupa" nìyẹn. Ní 2009, ó tàn ká Saudi Arabia pé ohun iyebíye kan tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ wà nínú abẹ́rẹ́ Singer àtijọ́, pé òun ló ń já nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, àwọn ènìyàn sì ná owó rẹpẹtẹ lórí máṣíìnì tí kò tó nǹkan. Kò sí mákúrì kankan níbẹ̀, irin lásán ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó àyẹ̀wò, tàbí tó fi owó tó ju iye ọjà ránṣẹ́ tó wá ní kí ẹ dá ìyókù padà, gbájúẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Oníbàárà ti dé, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ jìn. Báwo ni mo ṣe máa dì í?

Ìdáhùn: Bó bá lè wá gbé e fúnra rẹ̀, ìyẹn ni mo fẹ́ jù. Bí kò bá lè wá, ẹ yọ orí máṣíìnì kúrò nínú àpótí onígi rẹ̀, torí ìdè àpótí náà kò lè gbà á dúró bí wọ́n bá jù ú sílẹ̀. Ẹ yọ bọ́bìn àti abẹ́rẹ́, kí ẹ fi aṣọ sí abẹ́ ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀. Irin kékeré tí rólù òwú ń jókòó lé ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́, nítorí náà ẹ fi fóòmù líle yí i ká. Páálí méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan nínú èkejì, kí fóòmù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 wà láàárín wọn níhà gbogbo. Ẹ mì í kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ pa. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ tún un dì.