Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí C. diff ní wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀

Ọdún 13 rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láàárín àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn dókítà tuntun bá ti dé, owó aláìsàn ni wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń bá Clostridioides difficile (C. diff) jà, kòkòrò inú ìfun tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ó ti sú mi í wò. Ẹ ti mọ kòkòrò náà, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn àǹtíbáọ́tíìkì ló máa ń yọjú, n ò ní tún un sọ. Ohun tó yẹ kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ má fi sanitáísà nìkan pa ọwọ́. Èèpo líle tí kòkòrò yìí fi ń bo ara rẹ̀ kò gbọ́ ti ọtí. Ọṣẹ àti omi ló ń ṣí i kúrò lọ́wọ́, bílíìṣì ló ń pa á lára bẹ́ẹ̀dì àti nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

2. Ẹ má fa vancomycin, àǹtíbáọ́tíìkì tí a fi ń pa á, sí iṣan kí ẹ wá máa retí pé ìfun yóò san. Kì í dé inú ìfun. Ẹnu ni wọ́n ń gbà lò ó: 125 mg, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, fún ọjọ́ 10. Bí fidaxomicin, àǹtíbáọ́tíìkì mìíràn, bá wà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, 200 mg ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, torí àìsàn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí metronidazole oníhóró (Flagyl) sinmi.

3. Àyẹ̀wò ìgbẹ́. Èyí ló ń bí mi nínú jù.

Aláìsàn ṣu omi lẹ́ẹ̀kan péré, ìgbẹ́ ti dé láàbù. PCR, àyẹ̀wò tó ń wá jíìnì kòkòrò, ní òun rí i, oògùn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́: PCR kì í wá májèlé. Jíìnì tí kòkòrò fi ń ṣe májèlé ló ń wá, ó sì lè rí i lára kòkòrò tó kàn jókòó jẹ́jẹ́ sínú ìfun tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Irú wọn pọ̀ lára àwọn aláìsàn tiwa, torí wọn kì í kúrò ní ọsibítù pẹ́, àǹtíbáọ́tíìkì kì í sì í kúrò lára wọn. Ohun mìíràn tó lè ṣí ìfun wọn náà pọ̀. Cytarabine, oògùn jẹjẹrẹ, fúnra rẹ̀ a máa bó awọ inú ìfun. Ẹni tó gba mùdùnmúdùn egungun ẹlòmíràn, sẹ́ẹ̀lì tó gbà lè máa bá ìfun rẹ̀ jà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ní lùkímíà, irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Morphine, oògùn ìrora, ti dí i nínú, a fún un ní lactulose, oògùn ìyàgbẹ́, lálẹ́, ó yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò ní ibà, inú kò run ún. Dókítà fi ìgbẹ́ ránṣẹ́, PCR rí kòkòrò, wọ́n gbé e lọ sí yàrá àdágbé, wọ́n sún oògùn jẹjẹrẹ rẹ̀ síwájú. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe láti mọ̀ bóyá ó ti lọ. Kò lọ. Wọ́n pààrọ̀ oògùn, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìkẹta. Ìyá rẹ̀ ló ń sanwó gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí a dá lactulose dúró, ìgbẹ́ rẹ̀ le lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún un ní lactulose náà, mo sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ ránṣẹ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi ìgbẹ́ ránṣẹ́: ìgbẹ́ tí kò dì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí 24, láìsí oògùn ìyàgbẹ́ kankan láti wákàtí 48, láìsí ìdí mìíràn tó hàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí láàbù wá májèlé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má tún un ṣe kí ọjọ́ 7 tó pé.

Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń bá àrùn jà, ńkọ́? Ìwé ní bó bá ti tó 15,000, àìsàn ti le. Ẹni tí oògùn ti pa tirẹ̀ tán, kí ló máa gòkè? Ẹni tí lùkímíà ṣì ń bá jà lè ní 60,000 kí inú rẹ̀ má ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ fọwọ́ kan inú aláìsàn. Bàbá kan yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ mẹ́ta, neutrophil wọn (irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan) kò tó 500. Lọ́jọ́ kẹrin ìgbẹ́ dá, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara wọn ti ń yá. Inú wọn le bí ìlù, afẹ́fẹ́ pàápàá kò jáde. Ìfun ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Àwòrán CT fi hàn pé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá lápá ọ̀tún ti wú gan-an, àyẹ̀wò C. diff kò sì rí nǹkan. Orí kó wọn yọ. Ibà, inú rírun lápá ọ̀tún, neutrophil tó lọ sílẹ̀: ẹ má dúró de èsì kankan kí ẹ tó pe oníṣẹ́ abẹ.

Ẹ má fún aláìsàn ní loperamide, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ yọ omeprazole (oògùn ásíìdì inú) tí kò nídìí. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìbẹ̀rù C. diff gba àǹtíbáọ́tíìkì lọ́wọ́ ẹni tó ní ibà tí kò ní neutrophil. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwọn tó ń sáré dárúkọ fífi ìgbẹ́ ẹlòmíràn sínú ìfun aláìsàn: ní 2019, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn kan tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti rẹlẹ̀ kú látàrí kòkòrò E. coli tó wà nínú ìgbẹ́ tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ bi àwọn oníṣègùn àrùn àkóràn kí ẹ tó sọ ọ́ létí ìdílé.

Ẹ má sì ṣe àyẹ̀wò ìdágbére kí aláìsàn tó lọ sílé. Kòkòrò lè wà nínú ìgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ara ti yá. Nǹkan bí ẹnì 1 nínú 6 ni àìsàn náà máa ń padà sí lára láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 8. Ẹ jókòó tì í, ẹ sọ fún un pé bí ìgbẹ́ bá tún di omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kó pè wá lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má sì ra oògùn kankan fúnra rẹ̀.