Èèrà Ta Ọmọ, Ẹ Sáré Gbé Kẹrosíìnì: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ ní Àbújá, àwọn èèrà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jáde láti inú ilẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ aládùúgbò wa kan ní Lugbe lọ tẹ ihò wọn lẹ́yìn ilé. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti da kẹrosíìnì sí i lẹ́sẹ̀, ẹnìkan sì ti ń wá otapiapia. Mai-gádì ní, “Tururuwa ce kawai,” èèrà lásán ni. Ọmọ náà ṣì ń ké, àmọ́ kẹrosíìnì ló ń jó o lára báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi otapiapia kan awọ ènìyàn. Dichlorvos tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ń gba awọ wọnú ara, ó sì lè pa ọmọ.

Àwọn tó kàwé náà ní tiwọn. Wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì pé ásíìdì ni oró èèrà, nítorí náà wọ́n á bu eérú tàbí ọṣẹ ìfọṣọ lé e kí ó lè pa ásíìdì náà. Ásíìdì wà lóòótọ́ lára èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́lé sórí igi máńgòrò: á gé ni jẹ, á sì tu ú sójú ibẹ̀. Ìjàlọ ní tirẹ̀, ẹnu ló fi ń jà. Ṣùgbọ́n ìkamùdù ń ta ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèrà dúdú kékeré kan tó wà káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní samsum. Abẹ́rẹ́ ìdí ni wọ́n fi ń ki oró bọ abẹ́ awọ, purotéènì sì wà nínú oró náà. Kí ni eérú fẹ́ ṣe fún un níbẹ̀?

“Ó ti ta mí rí, n kò kú.” Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìgbà àkọ́kọ́ lè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni ara ti dá oró yẹn mọ̀, tí yóò wá bínú sí i lẹ́ẹ̀kejì. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ojú ibẹ̀ á wú, á yún wọn fún ọjọ́ mélòó kan, á sì tán. Nítorí náà, ẹ wo ibi tí èèrà kò ta. Bó bá ta á lẹ́sẹ̀, tí ètè wá ń wú, tí gbogbo ara sú, tí ohùn há, tí èémí ń fọn, tí ó ń bì tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó kí èyí fi ṣẹlẹ̀.

Ẹ má fún un ní Piriton kí ẹ wá ní kó lọ sùn. Piriton ń dá ara yíyún dúró, kò lè la ọ̀nà ọ̀fun. Abẹ́rẹ́ adrénálínì tí wọ́n ń gún sí itan ló lè ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, àyàfi tí kò bá lè mí dáadáa, kó jókòó nígbà náà. Ẹ wá mọ́tò, ẹ má há a sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà. Bó bá sì ti fúyẹ́ tán, ẹ má tètè gbé e wálé, ó lè padà dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Fún ìta kékeré, ẹ kọ́kọ́ kúrò lórí ihò náà, ẹ gbọn wọ́n dànù, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ fi aṣọ wé yìnyín lé e. Bó bá léròrò, ẹ má tú u. Òrùka tó wà lọ́wọ́ tí wọ́n ta, ẹ yọ ọ́ kí ọwọ́ tó wú.