Ẹ Dojú Ṣíbí Náà Dé Ná

Òrùka àti ẹ̀gbà ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Tí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń kó ṣíbí fàdákà àtijọ́ tọ́mọ wọn fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà wá: "Bàbá, ẹ bá mi yọ́ ọ, ẹ fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́."

Ẹ má tíì yọ́ nǹkan kan. Ẹ dojú ṣíbí náà dé, kẹ́ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ lójú oòrùn. Orúkọ alágbẹ̀dẹ ló ń wà níbẹ̀, nínú àpótí tí kò tó èékánná. Paul Revere, alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Boston, tó kú ní 1818, a máa tẹ REVERE sára tirẹ̀. Orúkọ yẹn ni ẹ̀rí pé fàdákà gidi ni, torí Amẹ́ríkà kò ní ilé àyẹ̀wò fàdákà bíi ti London, àfi Baltimore láti 1814 sí 1830.

Láyé ìgbà yẹn, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń gbé owó fàdákà wá. Alágbẹ̀dẹ á yọ́ ọ, á dà á, á wá fi òòlù lù ú gbọọrọ, bí àwa náà ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́. Tí olè bá kó owó lọ, ta ló máa dá a mọ̀? Ṣíbí tó ní orúkọ kò ṣeé sẹ́. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ń tẹ COIN, ìyẹn owó ẹyọ, sí i: nínú 100, bíi 90 ni fàdákà, bàbà ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Ti STERLING jẹ́ 92.5.

Ẹ tún wo abẹ́ ibi tó ń bu oúnjẹ. Tí ilà kan bá yọ gọngọ níbẹ̀ bí ìrù eku, wọ́n lè ti ṣe é ṣáájú 1750. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ní èjìká bíi fiolíìnì, lẹ́yìn 1800 ni.

Màmá kan láti Rẹ́mọ bá mi jà lórí 1847 ROGERS BROS tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ṣíbí wọn. Wọ́n ní ọdún tí wọ́n ṣe ṣíbí àwọn nìyẹn. Rárá o! Àmì ọjà ni, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn 1900. Fàdákà kàn bò ó lára ni.

Ní ti fífọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ, aṣọ rírọ̀, ó tán. Èmi fi eérú àti kànìnkànìn fọ ọ̀kan nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pa rẹ́, ó ku lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹyin a máa sọ ọ́ di dúdú, iyọ̀ a máa dá a lu wínníwínní. Ẹ fi ṣíbí mìíràn mu gàrí yín.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbà lẹ ṣì fẹ́, fàdákà mìíràn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.