Ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì dé Preikestolen

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá máa dé Stavanger ní Nọ́wè nígbà ooru, ẹ má wulẹ̀ háyà mọ́tò nítorí Preikestolen, àpáta gíga tó yọ sórí omi. Bọ́ọ̀sì wà láti ìgboro. Ó ń gba ọ̀nà abẹ́ òkun tí wọ́n ṣí ní 2019, ó sì ń já èrò sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àlọ àtàbọ̀ jẹ́ kìlómítà 8, bíi wákàtí 4. Àwọn Sherpa, ìyẹn ẹ̀yà kan tó ń gbé orí òkè ní Nepal, ló to òkúta bí àtẹ̀gùn láwọn ibì kan, ṣùgbọ́n tójò bá rọ̀, ó ń yọ̀ gan-an: bàtà tó ń di ilẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wọ̀. Lókè, mítà 604 ló wà láàárín yín àti omi, kò sì sí irin ìdènà kankan létí àpáta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú. Kẹ́ ẹ sì ti wo aago bọ́ọ̀sì tó máa kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó gbéra.