Bí A Ṣe Ń Múra Ọmọ Sílẹ̀ fún École Maternelle (Jẹ́lé-ó-sinmi) ní Ilẹ̀ Faransé

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún 3. Ọdún tí wọ́n bí i ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo oṣù. Ọmọ tí yóò pé ọdún 3 kí oṣù kejìlá tó parí máa wọlé ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Kíláàsì petite section ló máa kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà moyenne section, kó tó kan grande section. Ó di CP, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́mọ ọdún 6, kí wọ́n tó jókòó kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí Yorùbá ti ń forí ọmọ ṣe làálàá tí ẹnikẹ́ni ò rán wa.

Mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú yín, lẹ ó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe iléèwé. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ dání, ìwé àjẹsára rẹ̀, àti bíìlì iná tàbí ìwé ilé tí orúkọ yín wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíì máa gba attestation d'hébergement lọ́wọ́ onílé, ìyẹn ìwé tó jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé. Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó kọ orúkọ ọmọ. Ẹ lọ níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ má dúró di ìgbà ooru. Ẹ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún cantine, ìyẹn oúnjẹ ọ̀sán iléèwé, lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ má baà to ìlà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó wá lọ rí directrice, ìyẹn ọ̀gá iléèwé.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó ń ka A dé Z bí omi, àmọ́ tó ti tọ̀ sára kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lù. Ọmọ inú kíláàsì lè tó 25. Maîtresse kan, ìyẹn olùkọ́, ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ATSEM, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ tí mairie gbà síṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa ráyè tẹ̀ lé ọmọ kọ̀ọ̀kan kiri, ọ̀pọ̀ iléèwé ò sì fẹ́ fojú rí pámpásì.

Àwa òbí la máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Nílé, a ó bọ́ ọmọ sí ìhòòhò látìdí sísàlẹ̀, a ó gbé e lé pó, a ó máa bi í níṣẹ̀ẹ́jú-níṣẹ̀ẹ́jú pé, "Ṣé o fẹ́ tọ̀?" Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ bí ìtọ̀ ṣe ń gbọ̀n ọ́n. Ohùn ìyá rẹ̀ ló mọ̀. Tó bá dé iléèwé, tẹ́nì kan ò bi í, á dúró títí omi á fi dà. Láti oṣù kẹfà, ẹ yéé bi í. Ẹ jẹ́ kó tọ̀ sára nílé, kó sì fúnra rẹ̀ wá sọ fún yín. Ẹ gbé pó kúrò nílẹ̀, torí tọ́lẹ́ẹ̀tì kékeré ló máa bá níbẹ̀. Kó fa ṣòkòtò dé orúnkún, kó jókòó, kó nu ara rẹ̀, kó fa ṣòkòtò sókè, kó fọwọ́. Bó bá ń pẹ́, ẹ ká ọwọ́ yín kò, ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ilé tí wọ́n ti máa ń fomi ṣan ìdí, ẹ tètè fi bébà kọ́ ọ, torí bébà nìkan ló máa bá níbẹ̀.

Kó mọ ọ̀rọ̀ náà lédè Faransé pẹ̀lú. "Pipi" ti tó. Ọmọ tó ń sọ pé "mo fẹ́ tọ̀" fún maîtresse tí kò gbọ́ Yorùbá ti ṣe ipa tirẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ á sì tún tutù síbẹ̀. Ẹ fi "eau" (omi) àti "mal" (ó ń dùn mí) kún un, ó parí. Ẹ má tìtorí iléèwé pa Yorùbá tì nílé. Faransé á bá a níbẹ̀.

Aṣọ ńkọ́? Ṣòkòtò onírọ́bà lásán ni. Kò sí bẹ́líìtì, kò sí salopette (ṣòkòtò tó ní okùn léjìká), kò sí èyí tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì dè lábẹ́ ìdí. Òfin tèmi ni pé tí mo bá ka ení dé ẹ̀wá tí ọmọ ò tíì lè bọ́ ọ, aṣọ yẹn ò gbọdọ̀ rí ẹnu ọ̀nà iléèwé. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà gbangba náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bàtà tó ń lẹ̀ mọ́ra ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe olókùn. Àwọn kan máa ń ra àkọlé orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pílásítà funfun àti bírò tí kì í parẹ́ ni mo ń lò, mo sì ń rán igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ kọ orúkọ sára gbogbo nǹkan, títí kan aṣọ ìpààrọ̀ inú báàgì.

Ti kóòtù òtútù ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí inú rẹ̀ kọjú sókè, kí ọrùn rẹ̀ wà níbi ẹsẹ̀ ọmọ. Kó bẹ̀rẹ̀, kó ki ọwọ́ méjèèjì bọ apá rẹ̀, kó wá jù ú gba orí kọjá. Ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Síìpù nìkan ló kù fún ATSEM.

Ọmọ petite section máa ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n sì gbà kó mú doudou rẹ̀ wá, ìyẹn aṣọ tàbí bèbí tó máa ń dì mọ́ra sùn. Ẹ má náwó sí i. Ẹ gé àǹkárá ìyá rẹ̀ tó ti gbó, kẹ́ ẹ gé e sí méjì, kí ọ̀kan wà nílé bí èkejì bá sọnù. Ìlẹ̀kẹ̀ orí ò dáa fún ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ wọlé, ó máa ń gún un lórí tó bá sùn. Tẹ́ ẹ bá rí i pé odidi ọjọ́ pọ̀ jù fún un, òfin gbà kẹ́ ẹ tọrọ lọ́wọ́ directrice pé kí ọmọ petite section má wá lọ́sàn-án. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má yọ́ sá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá yọ́ sá lọ lónìí á rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lọ́la. Ẹ ní kó kí maîtresse, ẹ sọ fún un pé tó bá jẹun, tó sùn, tó tún ṣeré díẹ̀, ẹ ó dé. Ẹ fẹnu kò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ yíjú, ẹ máa lọ. Ẹ má padà tó bá ké, ẹ má sì dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó máa rí yín.

Ẹ má fi paracetamol sínú báàgì. Wọn ò lè fún un láìjẹ́ pé ẹ ti bá wọn ṣe PAI, ìyẹn ìwé àdéhùn lórí ìlera ọmọ. Ẹ máa ṣí cahier de liaison, ìyẹn ìwé tí iléèwé àti òbí fi ń kọ̀wé síra wọn, lálaalẹ́, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i, torí ibẹ̀ ni maîtresse máa ń kọ ọ́ sí tó bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀.